Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀?

Ìwé ìlànà tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní abala gígùn kan lórí ìwà tó yẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ó sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ mú wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Ó sọ ìjìyà ẹni tí wọ́n bá ká ìwé mọ́ lọ́wọ́, ti ẹni tó bá bá ẹlòmíràn jókòó ṣe ìdánwò, àti ti ẹni tó bá da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fọwọ́ sí i láìkà á dé ìdajì. Wọ́n á búra lọ́jọ́ mátírí, wọ́n á ya fọ́tò nínú gáùn, wọ́n á lọ jẹ ìrẹsì. Ìgbà tí ariwo bá ta pé wọ́n ti dá ẹnì kan dúró ni wọ́n á tó máa wá ìwé náà kiri.

Mo wà ní ọdún kẹrin báyìí, iṣẹ́ àṣekágbá ló wà lọ́rùn mi. Láàárín oṣù mẹ́ta tí mo fi ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Èkìtì, mo rí i pé gbogbo òfin tó jẹ mọ́ òótọ́ nínú ìwé náà, bó ti wù kó gùn tó, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi wá: ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tí o kọ sínú ìwé ìdánwò, ṣé ìwọ lo sọ ọ́? Èyí tó wà nínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ, ọwọ́ ta lo ti gbà á? Bí o bá ní báyìí ni àwọn ará ìlú kan ṣe ń sọ̀rọ̀, ta ni nínú wọn tó sọ ọ́ sí ọ létí? Ẹni tó bá lè dáhùn kò ní ìjà kankan pẹ̀lú ìwé ìlànà. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ti jẹ gbèsè, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá mú un títí tó fi gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu. Yorùbá ní orúkọ fún ohun tí à ń sọ yìí: jíwèé wò. Ẹni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì síńtáàsì mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni wọ́n sín pọ̀ níbẹ̀, “jí” ló sì ṣíwájú. Kí èèyàn tó wo ìwé náà, ó ti kọ́kọ́ jí i. Èdè náà ti dá ẹjọ́ yìí kí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó.

Ẹ wá wo àwọn orúkọ tí à ń pè é ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ́kísípò. Orijo. Gíráfù, fún ẹni tó ń na ọrùn wo ìwé ẹlòmíràn. Sọ́ọ̀tì, fún ẹni tó fowó wá máàkì. Kò sí olè nínú ìkankan wọn. Gíráfù ń pani lẹ́rìn-ín, sọ́ọ̀tì sì dà bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó le jù nínú wọn ni “ràn mí lọ́wọ́”, torí ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kò ran ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́? Àwọn àgbà ti rí irú eléyìí rí, wọ́n ní àdàpè olè ni “ọmọ ń fẹ́wọ́”. Ọmọ tó ń fẹ́wọ́ ṣì jẹ́ ọmọ nílé. Bí a bá pè é ní olè, a ó ní láti ṣe nǹkan nípa rẹ̀.

Ọ̀ràn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1977, ìwé ìdánwò WAEC jò káàkiri débi pé wọ́n sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà lórúkọ, Expo 77. Ní 1984, ìjọba ológun gbé Decree 20 jáde, tó la ẹ̀wọ̀n ọdún 21 kalẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe màgòmágó ìdánwò. Ní 1999, òfin mìíràn dé, Decree 33. Èyí ní olùkọ́ tàbí amójútó ìdánwò tó bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀ yóò lọ sẹ́wọ̀n ọdún 4 láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Ẹ ka iye ọdún wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀wọ̀n ọdún 21 kò lé ẹ́kísípò lọ. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu wa, àwa tí wọn kò tíì bí ní 1999 pàápàá.

Gbọ̀ngán ìdánwò ni gbogbo òfin wọ̀nyí kọjú sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ka tiwa, irọ́ tó wúwo jù kì í ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngán. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ṣẹlẹ̀, lálẹ́, nígbà tí ọjọ́ tí a ó kó iṣẹ́ sílẹ̀ ti kù díẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń hun gbólóhùn fún àgbàlagbà tí kò bá pàdé rí.

Fún àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n sì ń kà wá níbí: iṣẹ́ àṣekágbá nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè sábà máa ń dá lé ohun tí àwọn èèyàn sọ. A ó lọ bá wọn, a ó tọrọ àyè, a ó gba ohùn wọn sílẹ̀, a ó kọ ọ́ jáde pẹ̀lú àmì ohùn, a ó wá ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Abẹ́nà ìmọ̀ ni à ń pe àwọn tó sọ ọ́ fún wa. Bí onímọ̀ kẹ́mísìrì bá parọ́, ẹlòmíràn lè wọ yàrá àyẹ̀wò lọ tún un ṣe. Bí èmi bá parọ́ mọ́ ìyá ẹni ọdún 84, tí ìyá náà sì lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni wọn yóò tún bi?

Ọ̀rọ̀ yìí kò nípọn lójú mi tẹ́lẹ̀ bó ṣe nípọn báyìí. Ohun tó sọ ọ́ di ńlá nìyí. Nígbà tí mo ń wá àkòrí, ẹnì kan fi iṣẹ́ àṣekágbá kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ọdún tí wọ́n kọ ọ́, nítorí kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ ni mò ń wá. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ló dá lé. Ó ní àtẹ, ó ní máàpù, ó ní orúkọ abẹ́nà ìmọ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Inú mi dùn, torí abúlé ìyá tó bí ìyá mi, tí kò jìnnà sí Adó-Èkìtì, wà lára ibi tí oníwèé ní òun lọ.

Mo gbé e lọ bá Màmá nígbà ìsinmi. Mo ń ka àwọn gbólóhùn náà sí i létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí ìkẹta ni ó ti dá mi dúró. (Mo ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò níbí kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ. Kò sọ ọ́ báyìí.)

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn ará ibí ni, Màmá. Ó wà nínú ìwé.”

“Ará ibí wo? Ọmọ ta ni?”

Mo ka orúkọ náà fún un. Ó ronú, ó bi mí pé agbo ilé wo, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ ní ilé kejì. Àwọn méjèèjì pa orúkọ pọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní wúńdíá. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní abúlé náà, láàyè tàbí lókùú.

Ohun tó jẹ́ kó fura kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń fi fáwẹ̀lì “u” bẹ̀rẹ̀. Ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, níbi tí àwa ti ń sọ “ilé”, “iṣu” àti “igi”, “ulé”, “uṣu” àti “ugi” ni wọ́n ń sọ. Ọmọ Èkìtì ti mọ èyí kó tó mọ A, B, D. Nínú gbogbo ìwé náà, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò sí “u” kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Yorùbá àjùmọ̀lò ni oníwèé mú, ó yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó sì gbé e sẹ́nu àgbàlagbà mẹ́fà. Nínú gbólóhùn kan, ọmọ ń fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀. Màmá ní, “Ta ló ń pe bàbá rẹ̀ ní ‘ẹ’ nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé? Ṣé bàbá pé méjì ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán. Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ṣé bí wọn yóò ṣe máa kà wá nìyẹn nígbà tí a bá lọ tán?”

N kò rí èsì fún un. Nígbà tí mo padà sílé ìwé, mo wá iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí iṣẹ́ méjì mìíràn tó tọ́ka sí i. Ọ̀kan nínú wọn mú odindi àtẹ láti inú rẹ̀. Àwọn tó kọ méjèèjì yìí kò parọ́ o. Wọ́n dárúkọ ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọdún, wọ́n kọ ojú ewé, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Irọ́ ẹnì kan ti di ìmọ̀ ẹni mẹ́ta, láìsí ẹni tó jíwèé wò nínú gbọ̀ngán kankan.

Àwọn kan yóò ní Turnitin wà. Turnitin máa ń fi ọ̀rọ̀ tí a kọ wé èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá da ti ẹlòmíràn kọ, ó lè mú un. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí èèyàn hun láti orí ara rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni, nítorí náà yóò gba ibẹ̀ kọjá ní mímọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ náà kò lè lọ sí Èkìtì lọ bi Màmá.

Láti òpin 2022 tí ChatGPT ti dé, iṣẹ́ yìí tún ti rọrùn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ láyé àtijọ́ gbọ́dọ̀ jókòó ronú. Nísinsìnyí, a ó kàn béèrè ni. Mo dán an wò nítorí mo fẹ́ mọ̀: mo ní kí ó kọ gbólóhùn mẹ́wàá fún mi ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì. Ó kọ wọ́n kíá, pẹ̀lú ìdánilójú tí Màmá gan-an kì í ní. “Ilé” ló kọ sí gbogbo ibi tó yẹ kí “ulé” wà. Mo bi í pé ta ló sọ wọ́n. Ó ní àwọn ará Èkìtì ni. Ìyẹn ni “wọ́n ní” tí a mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, aṣọ tuntun ló kàn wọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ̀rọ bá wa tún gẹ̀ẹ́sì ṣe, tàbí kó bá wa to ìwé ìtọ́kasí lẹ́sẹẹsẹ, bí olùkọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ìyá, kò dàgbà ní abúlé kankan. Kò lè jẹ́rìí.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹgbẹ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ọ̀rọ̀ kí a máa dárúkọ ẹni tó sọ nǹkan, àṣà òyìnbó ni, pé nílẹ̀ tiwa gbogbo ìmọ̀ jẹ́ ti gbogbo wa. Mo rò pé a kò wo ilẹ̀ tiwa dáadáa. Ọmọdé tó pa òwe níwájú àgbà yóò sọ pé “tótó ó ṣe bí òwe”, àgbà yóò sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Kí ni ọmọ náà ṣe bí kò ṣe pé ó jẹ́wọ́ pé òwe náà kì í ṣe tòun, pé àwọn tó ni ín ló jókòó níbẹ̀? Ẹsẹ Ifá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ awo tó dá a, kí a tó gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún. Òṣèré á júbà kó tó ṣíjú eré. Ìyẹn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó gbọ́ nípa APA ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní baba kò yẹ láti gbé síwájú àwùjọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó kọ́ àwọn olùkọ́ wa ṣe ṣe é. Ní 1967, Ọládélé Awóbùlúyì àti Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé èrò méjì tó yàtọ̀ síra jáde pọ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà kan lórí àǹkóò fáwẹ̀lì Yorùbá. Wọn kò gbà fún ara wọn, a sì tún ń kà wọ́n. Ohun tó jẹ́ kí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ wúlò ni pé olúkúlùkù fi àpẹẹrẹ rẹ̀ sílẹ̀ níta kí ẹnì kejì rí i, kó gbé e wò, kó sọ ibi tó ti rò pé kò tọ̀nà. Èèyàn lè bá àṣìṣe jà, kí ìmọ̀ sì ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ń bá irọ́ jà kò ní rí nǹkan kan mú bọ̀.

Ó rọrùn láti sọ gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níwájú èmi gan-an. Àtẹ tó wà ní orí kẹrin iṣẹ́ mi ní ìlà 120. Abẹ́nà ìmọ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ lò. Ìkẹrin ṣàìsàn kí n tó padà lọ bá a lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbé e lọ sí Ìlọrin fún ìtọ́jú. Nítorí èyí, ìlà 17 ṣófo lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Owó ọkọ̀ ti tán, ọjọ́ ìgbèjà iṣẹ́ ti sún mọ́lé. CGPA mi jẹ́ 4.48. Gbogbo wa mọ̀ pé 4.50 ni fáìsí kíláàsì ti ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àṣekágbá sì ni kọ́ọ̀sì tí yúníìtì rẹ̀ pọ̀ jù tó kù fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tó nífẹ̀ẹ́ mi dénú, wò ó, ó ní, “Ìwọ náà mọ ohun tí bàbá yẹn máa sọ. Mẹ́tàdínlógún péré. Kọ ọ́ sí i. Ta ló máa lọ sí Èkìtì lọ wádìí?” Òótọ́ ló sọ. Mo mọ ohun tí bàbá náà lè sọ, ó sì ṣeé ṣe kí n gba mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkẹtàdínlógún ni mo ń rò. Bí bàbá náà bá ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn ńkọ́? Nínú ìlà mẹ́ta tí Màmá àti àwọn méjì yòókù ti yàtọ̀ síra, èyí tí mo rò pé yóò bára mu jù ni kò bára mu. Bí mo bá ti kọ ohun tí mo rò dípò ohun tí mo gbọ́, n kì bá tí mọ̀ láéláé pé wọ́n yàtọ̀. Nǹkan tuntun kan ṣoṣo tó wà nínú iṣẹ́ mi, inú ìlà mẹ́ta yẹn ló wà.

Mo fi ìlà 17 sílẹ̀ lófìfo. Mo kọ ìdí rẹ̀ sí abẹ́ àtẹ náà. Alábòójútó iṣẹ́ mi kà á, wọ́n ní, “Wọn yóò bi ọ́ lóríi rẹ̀ o.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Wọ́n ní kí n lọ múra ìdáhùn sílẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí máàkì mi yóò jẹ́. Ó lè dé 4.50, ó lè má dé ibẹ̀. Màmá kò mọ ohun tí CGPA jẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ka àtẹ náà sí i létí ní ọdún mẹ́wàá sí i, n kò rò pé yóò dá a dúró.

Ìbéèrè yìí kò wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ó wà fún àwọn tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́jọ́ pẹ̀lú. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan, ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, gba ìwé pé kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Wọ́n ní iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ jọ ti ẹlòmíràn. Ta ló ní ó da ti ẹlòmíràn kọ? “Wọ́n ní” ni. Ọjọ́ wo? Kò sí nínú ìwé. Wọn kò fi iṣẹ́ kejì hàn án. Ohun tó gbà á là ni pé ó ní àṣà kí ó máa fi gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ sórí kọ̀ǹpútà, láti ìlà àkọ́kọ́ dé òpin, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó ní kó máa lọ sí kíláàsì rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un títí di òní pé ta ló fi ẹ̀sùn kàn án.

Òfin ilẹ̀ wa mọ irú èyí. Ní 1983, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri, wọ́n dáná sun dúkìá, yunifásítì sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì náà, tí rògbòdìyàn yẹn kan òun fúnra rẹ̀, ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀. Garba àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù gbé ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ní 1986 ni ilé ẹjọ́ náà sì dá wọn láre. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè jókòó ṣe adájọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀sùn ọ̀daràn jẹ́ ti ilé ẹjọ́, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ yunifásítì. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn náà, kó sì ráyè fèsì. Abala 36 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ló gbé ẹ̀tọ́ ìgbẹ́jọ́ tó tọ́ yìí dúró lónìí. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Ohun tí mo ń sọ ni pé òótọ́ tí ìwé ìlànà ń béèrè lọ́wọ́ wa nínú àtẹ wa, a lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nínú ìwé ẹ̀sùn wọn. Orúkọ, ọjọ́, ẹ̀rí tí ẹlòmíràn lè gbé wò. Ẹni tó bá gba “wọ́n ní” láyè níhìn-ín, kò ní ẹnu láti kọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún.

Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ jẹ́ sí ẹ̀ka wa: kí ẹ jẹ́ kí a máa kó ohùn tí a gbà sílẹ̀ jọ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekágbá, kì í ṣe ìwé nìkan. Fáìlì ohùn kò gba àyè púpọ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun yóò kó ohùn sílẹ̀ kò ní hun gbólóhùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹ béèrè ìwé ìfọwọ́sí lọ́dọ̀ àwọn tó sọ̀rọ̀, kí a mọ̀ pé wọ́n gbà kí a gbọ́ wọn.

Èkejì jẹ́ sí ẹ̀yin àbúrò wa ní ọdún kẹta tí ẹ ń wá àkòrí lọ́wọ́. Ẹ mú àkòrí tí owó ọkọ̀ yín lè gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́. Abẹ́nà ìmọ̀ méjì tí ẹ bá jókòó tì dáadáa sàn ju mẹ́fà tí kò sí níbì kankan. Bí àyè kan bá ṣófo, ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣófo, kí ẹ sì sọ ìdí. Ẹ pa gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ yín mọ́, torí ọjọ́ tí ẹ ó nílò rẹ̀ kì í sọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ́ sí ẹ̀yin tí ẹ ti jáde. Mo mọ̀ pé ohùn àwọn àgbà kan ṣì wà lórí fóònù àtijọ́ yín, nínú kásẹ́ẹ̀tì, nínú kọ̀ǹpútà tí kò tàn mọ́. Díẹ̀ nínú àwọn tó ni ohùn náà ti lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó wọn wá fún ẹ̀ka, pẹ̀lú orúkọ ìlú àti ọjọ́ tí ẹ gbà wọ́n. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ ohun kan nípa èdè wọn, tí ọmọ ọmọ wọn sì bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, kí a lè tẹ bọ́tìnnì kan kí wọ́n fúnra wọn dá a lóhùn.